Bí A Ṣe Ń Háyà Ejò fún Fíìmù àti Fọ́tò ní London

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejì, àwa mọ́kànlá dúró yí tábìlì kan ká nínú sítúdíò kan ní gúúsù London. Erè kan wà lórí tábìlì náà. Ó ká bí òṣùká, ó ti fi orí pamọ́ sáàárín ara rẹ̀, kò sì mira. A ti san owó sítúdíò, a ti san owó kámẹ́rà, olórin tí a fẹ́ yà ti wọṣọ, ó ti kun ojú. Wákàtí mẹ́ta la fi dúró. Ejò náà kò ṣàìsàn, kò sì bínú sí ẹnikẹ́ni. Òtútù ló mú un. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru ti bàjẹ́ láti ọjọ́ tó ṣáájú, èmi tí mo háyà ejò kò sì béèrè.

Ara tiwa ń dá ooru sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ti ejò kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tó bá wà ló ti ń rí ooru gbà, ooru yẹn ló fi ń rìn, òun náà ló fi ń da oúnjẹ tó bá gbé mì. Kò tún sí ẹni tó lè kọ́ ejò ní eré ṣíṣe bí wọ́n ṣe ń kọ́ ajá pé jókòó, dìde, máa bọ̀. Ohun tí ara bá ní kó ṣe ló máa ṣe. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tó bá bi mí léèrè pé ẹni tó ń tọ́jú ejò gan-an ni ẹ ń háyà, ejò kàn bá a wá ni. Bí onítọ̀hún bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, tí ẹ sì tún ibi iṣẹ́ ṣe bó ṣe ní kí ẹ tún un ṣe, ẹ máa rí àwòrán yín. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá yẹ̀, tábìlì lẹ máa dúró yí ká bíi tiwa.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kọ ohun tí kámẹ́rà máa rí sílẹ̀

Ẹ má tíì pe ẹnikẹ́ni. Ẹ mú bébà, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀: ṣé ejò máa wà lọ́wọ́ òṣèré ni, àbí lórí ilẹ̀? Ṣé ó máa rìn kọjá, àbí ó kàn máa wà níbẹ̀? Ṣé ojú rẹ̀ lẹ fẹ́ rí, àbí awọ ara rẹ̀? Ìṣẹ́jú mélòó?

Kí ejò wà ní èjìká ẹnì kan ni mo rí jù, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá sì ni bí gbogbo nǹkan bá ti wà nílẹ̀. Èyí tó le ni kí ejò fà lọ sí ọ̀nà kan pàtó, torí igun tó bá ṣókùnkùn ló máa ń wá lọ. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kì í bá a jà. Ibi ìsápamọ́ kékeré kan tó ṣókùnkùn ni wọ́n máa ń gbé sí ìparí ọ̀nà náà, níbi tí kámẹ́rà kò ti ní rí i, wọ́n á wá fi ejò sílẹ̀ ní òdìkejì.

Bí ìtàn yín bá ní kí ejò bu ènìyàn jẹ, tàbí kí ṣèbé na ọrùn sókè, ẹ má wá ejò alààyè fún ibẹ̀ rárá. Òfin Dangerous Wild Animals Act ti ọdún 1976 kò gbà kí ẹnikẹ́ni tọ́jú ejò olóró bíi ṣèbé àti ọká láìní ìwé àṣẹ káńsù, sítúdíò tó sì máa gbà á wọlé kò pọ̀. Ejò rọ́bà àti kọ̀ǹpútà tó fún ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má ya ejò níbi tó ti ń pa eku alààyè torí kí fíìmù lè dùn. Láti ọdún 1937 ni òfin ti wà ní Britain tó ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi fíìmù han aráyé bó bá jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n dìídì fìyà jẹ ẹranko kí wọ́n tó rí i yà.

Ìgbésẹ̀ kejì: Irú ejò wo?

Royal python, irú erè kan tí kò tóbi púpọ̀, ni mo máa ń yàn ṣáájú gbogbo ejò yòókù. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ní ball python torí bó ṣe máa ń ká bíi bọ́ọ̀lù. Ọmọ ilẹ̀ wa ni. Ó pọ̀ ní Ghana, Togo àti Benin, òun náà sì ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ní tẹ́ḿpìlì erè tó wà ní ìlú Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin. Púpọ̀ nínú èyí tí àwọn òyìnbó ń sìn nílé lónìí, etíkun wa ni wọ́n ti kó àwọn baba ńlá wọn. Inú mi máa ń dùn bí mo bá ń sọ ìyẹn fún àwọn òṣèré wa tí ẹ̀rù ń bà, torí ó máa ń jẹ́ kí wọ́n tún un wò. Àgbà rẹ̀ sábà máa ń gùn tó mítà kan sí mítà kan ààbọ̀, ó lè lo 20 ọdún sí 30 ọdún láyé, ó lọ́ra, ó sì gbà kí a gbé e. Bí ẹ̀rù bá bà á, kíká ló máa ń ká, kì í tètè bu ni jẹ.

Corn snake tẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀ ọsàn àti pupa ló ní, gúúsù ìlà oòrùn Amẹ́ríkà ló ti wá. Ó yára. Ẹ lò ó bí ẹ bá fẹ́ kó máa rìn lórí ilẹ̀ tàbí lórí ẹ̀ka igi, ẹ má lò ó bí ẹ bá fẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́.

Boa constrictor tóbi jù wọ́n lọ, ó lè gùn tó mítà méjì sí mẹ́ta, ó sì máa ń hàn dáadáa nínú àwòrán tó fẹ̀. Ejò tó bá ti kọjá mítà méjì ààbọ̀, ẹ má gbà kí olùtọ́jú kan ṣoṣo gbé e wá. Ó kéré tán, kí wọ́n jẹ́ méjì. Ní ti Burmese python, tó lè kọjá mítà márùn-ún, èmi kò ní gbé e lé òṣèré tí kò gbé ejò rí lọ́wọ́, iye yòówù kí adarí fi bẹ̀ mí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dùn mí tí mo gbọ́dọ̀ sọ níbí. Àwọn tó ń sin royal python ti mú oríṣiríṣi àwọ̀ jáde lára rẹ̀. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní spider, ó lẹ́wà lójú fọ́tò, àwọn oníṣẹ́ fásọ̀n sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àbùkù kan ń bá àwọ̀ náà rìn: orí ejò náà máa ń gbọ̀n, ó máa ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, kì í lè gbé e dúró déédéé bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n bí i mọ́ ọn ni. Èmi kì í gbà á, mo sì rọ ẹ̀yin náà kí ẹ béèrè kí ẹ tó yàn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ béèrè ìwé àṣẹ

Ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ yín kan á wà tó ní ejò nílé, á ní òun á gbé e wá fún owó díẹ̀. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ má gbà. Ní England, láti oṣù Kẹwàá ọdún 2018, ẹni tó bá ń fi títọ́jú tàbí kíkọ́ ẹranko fún ìfihàn ṣòwò gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ káńsù àdúgbò rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni ìwé náà ń lò, ó ní nọ́ńbà, ẹ sì lè pe káńsù láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Òfin yìí kò dé Scotland àti Wales, tiwọn yàtọ̀, nítorí náà ẹ wádìí bí iṣẹ́ yín bá gbé yín dé ibẹ̀.

Bí òfin kò bá tiẹ̀ sí, èmi kò ní gba ejò ọ̀rẹ́. Ejò tó ń gbé yàrá ẹnì kan láti kékeré kò rí iná sítúdíò rí, kò sì gbọ́ ariwo ogún ènìyàn rí. Ẹni tó ni ín náà kò ní mọ ìgbà tó yẹ kó sọ pé ó tó.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ohun tí ẹ máa bi olùtọ́jú

Ìbéèrè mi àkọ́kọ́ kì í ṣe iye owó. Ohun tí mo máa ń béèrè ni pé: ìgbà wo ló jẹun kẹ́yìn, ìgbà wo ló sì tún máa jẹ? Ejò tó bá ti jẹun, ó yẹ kí a fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó lè bì í, èébì ejò kì í sì í ṣe ohun kékeré fún ara rẹ̀.

Lẹ́yìn náà: ṣé ó ti fẹ́ bọ́ awọ? Bí àsìkò bá ti ń tó, ojú rẹ̀ á ṣú, á dà bí ìgbà tí ènìyàn da omi sínú wàrà, awọ rẹ̀ á pòkúdu. Kò ríran dáadáa lásìkò náà, gbogbo nǹkan ló ń já a láyà, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa gbé e kiri. Ṣùgbọ́n bó bá ti bọ́ ọ tán, ọjọ́ mélòó kan tó tẹ̀ lé e ni àwọ̀ rẹ̀ máa ń dán jù láyé. Bí ọjọ́ iṣẹ́ yín bá ṣeé sún, ẹ bẹ olùtọ́jú kó bá yín wo àsìkò yẹn. Mo ti sún iṣẹ́ fọ́tò síwájú ní ọjọ́ mẹ́sàn-án torí èyí, n kò sì kábàámọ̀.

Ẹ tún béèrè bóyá ó ní ejò méjì tó jọra, kí ọ̀kan lè máa sinmi bí iṣẹ́ bá gùn. Ẹ béèrè bó ṣe máa gbé e wá: inú àpò aṣọ tí a so ẹnu rẹ̀, nínú àpótí tó ní ihò afẹ́fẹ́, nínú mọ́tò tó móoru. Ẹ ní ẹ fẹ́ wá wo ejò náà níbi tó ń gbé. Olùtọ́jú tó mọ́ lọ́wọ́ á gbà, inú rẹ̀ á tiẹ̀ dùn.

Ẹ fetí sí bó ṣe ń dáhùn. Ẹni tó bá sọ fún yín pé “rárá, ìyẹn kò ṣeé ṣe” lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, òun ni kí ẹ mú. Ẹni tó bá ń sọ “kò sí wàhálà” sí gbogbo ohun tí ẹ bá bi í, ẹ fi sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó kúkúrú. Ẹ jẹ́ kó wà lákọsílẹ̀: owó ọjọ́ tàbí ti ìdajì ọjọ́, owó ọkọ̀, owó olùtọ́jú kejì, iye wákàtí tí ejò máa lò lójú kámẹ́rà, àti ohun tí ẹ máa san bí ejò bá wá tí kò sì lè ṣiṣẹ́. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé ìbánigbófò rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún ilé iṣẹ́ ìbánigbófò tiyín pé ejò máa wà níbẹ̀. Ẹ gba àṣẹ ẹni tó ni sítúdíò ní ìwé, kì í ṣe lórí fóònù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Àwọn ènìyàn yín

Ibí yìí ni mo ti rí wàhálà jù nínú iṣẹ́ àwa Yorùbá, ju ti ejò fúnra rẹ̀ lọ. Púpọ̀ nínú wa, ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ni pé bí o bá rí ejò, pa á. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ejò tó bá wọ ilé, ẹnì kan ló rán an. Àwọn mìíràn ka Bíbélì, ibi tí wọ́n sì ti mọ ejò ni ọgbà Édẹ́nì. Bí ẹ bá ń ya fíìmù nípa Òṣùmàrè, òrìṣà tí ejò jẹ́ àmì rẹ̀, àwọn kan á béèrè bóyá ẹ fẹ́ bọ ọ́ ni. Gbogbo èyí ló yẹ kí ẹ fi ọ̀wọ̀ gbọ́.

Ẹ sọ fún gbogbo ènìyàn kí ọjọ́ tó pé, láti orí òṣèré dé orí ẹni tó ń gbé oúnjẹ wá. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìpè tí ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn: ejò alààyè máa wà níbẹ̀, irú ejò báyìí, láti aago báyìí sí aago báyìí. Ẹ jẹ́ kó rọrùn fún ẹni tí kò bá lè wá láti sọ bẹ́ẹ̀ láìsí ìtìjú. Ní ibi iṣẹ́ kan tí mo wà, kò sẹ́ni tó sọ fún obìnrin tó ń kun ojú fún òṣèré. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó rí ejò, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. A fi ọjọ́ náà rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ni. Òun náà ní ìyá tí ejò bù jẹ lóko nígbà tó wà lọ́mọdé. Ibo la ti fẹ́ mọ̀ nígbà tí a kò béèrè? Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ejò rọ́bà dẹ́rù ba ẹlòmíràn níbi iṣẹ́ yín.

Ní ti òṣèré tó máa gbé e, ẹ jẹ́ kó pàdé ejò náà ṣáájú, níbi tí kò ti sí kámẹ́rà. Kó kọ́kọ́ wò ó. Kó fi ọwọ́ kan àárín ara rẹ̀, kó má kan orí. Lẹ́yìn náà kó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e láti ìsàlẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ tuntun, kó jẹ́ kó máa fà kọjá, kó má fún un mọ́ ọwọ́. Àwọn tí mo ti rí tí wọ́n ṣe báyìí, ìyàlẹ́nu àkọ́kọ́ wọn ni pé ara ejò gbẹ, kò yọ̀ bí wọ́n ṣe rò.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà

Ooru ni ká kọ́kọ́ sọ. Ẹ dé ṣáájú, ẹ tan ẹ̀rọ ooru, kí sítúdíò tó 25°C kí ejò tó dé. Nílé rẹ̀, royal python máa ń ní apá kan tó gbóná tó 30°C sí 32°C àti apá kan tó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó lè yan èyí tó wù ú. Ẹ wá yàrá kékeré kan tó dákẹ́ fún un nítòsí, kí olùtọ́jú gbé àpótí rẹ̀ síbẹ̀, kí ilẹ̀kùn wà ní títì. Ibẹ̀ ni yóò máa padà sí.

Iná tó pọ̀ jù burú bí òtútù ṣe burú. Gílóòbù àtijọ́ tó ń gbóná lè jó awọ ejò. Iná LED ló dára. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ yín sí ibi tí ejò máa wà fún ìṣẹ́jú kan: bí ó bá ta yín, ó máa ta òun náà. Ejò kò ní ìpéǹpéjú tó lè fi bojú, nítorí náà èmi kì í lo fíláàṣì nítòsí orí rẹ̀. Iná tó dúró lójú kan ni mo ń lò.

Orin ńkọ́? Ejò kò ní etí lóde, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ bí ilẹ̀ bá ń gbọ̀n, egungun àgbọ̀n rẹ̀ ló fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń ya fídíò olórin, tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń lù kìkì lórí pákó ilẹ̀. Ẹ fi orin sí etí olórin, kí ẹ pa ẹ̀rọ ńlá náà títí ejò á fi kúrò.

Òórùn náà wà. Ahọ́n ni ejò ń yọ fi gbóòórùn, erè sì ní àwọn ihò kékeré létí ẹnu tó fi ń mọ ohun tó bá ní ooru. Ọwọ́ tó bá ń rùn ẹran, tó móoru, tó sì ti iwájú bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, oúnjẹ ló máa rò pé ó jẹ́. Kí oúnjẹ má sí nítòsí, kí ẹni tó máa gbé e má fín lọ́fínńdà, kí ó fọ ọwọ́ ṣáájú. Kí gbogbo ẹni tó bá fọwọ́ kàn án tún fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn náà, torí ejò tí ara rẹ̀ le dáadáa lè gbé kòkòrò salmonella. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, aláboyún, àti ẹni tí àìsàn ti sọ ara rẹ̀ di aláìlágbára, kí wọ́n jìnnà.

Ẹ má fi ejò dán iná wò. Mo máa ń rọ ìrẹsì sínú ìbọ̀sẹ̀ gígùn kan, kìlógíráàmù kan ààbọ̀, òun ni òṣèré máa gbé kọ́ èjìká nígbà tí a bá ń to kámẹ́rà. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá pé ni a tó máa pe ejò. Ẹ dí gbogbo ihò, pàápàá abẹ́ àga oníkùṣìn àti ẹ̀yìn ẹ̀rọ ooru, kí ẹ sì fi ẹnì kan ṣọ́ ilẹ̀kùn tí kò ní ṣe iṣẹ́ mìíràn.

Ìgbésẹ̀ keje: Nígbà tí ejò bá ti wà lójú kámẹ́rà

Ọ̀rọ̀ olùtọ́jú ló lágbára jù níbẹ̀, ó ju ti adarí lọ. Ẹ kéde rẹ̀ sétí gbogbo ènìyàn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ejò lè wà ní èjìká. Kó má ṣe yí ọrùn ká, kódà bó bá kéré, kódà bó bá jẹ́ pé ìyẹn ni adarí rí lórí Instagram. Kí olùtọ́jú wà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó o, lẹ́yìn etí àwòrán. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo ń lò, kó tún padà sínú àpótí rẹ̀ lọ sinmi.

Ẹ mọ bí ara ejò tó fara balẹ̀ ṣe rí: ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, ó ń yọ ahọ́n déédéé, iṣan rẹ̀ rọ̀. Bó bá fa ọrùn sẹ́yìn tó wọ́ ọ bí ìwọ̀ ẹja, bó bá ń mí fùù, bó bá yàgbẹ́ tàbí tú òórùn burúkú sílẹ̀, bó bá ká, tó sì bo orí mọ́lẹ̀, ó ti sọ tẹnu rẹ̀. Ẹ gbé e kúrò. Ẹ má ṣe tú u bí ẹni tú okùn.

Fún ẹ̀yin ayàwòrán: ẹ sọ kámẹ́rà kalẹ̀ dé ìpele ojú ejò, ẹ mú ojú rẹ̀ kó mọ́ kedere, kí ẹ ya ìdá kan nínú 500 ìṣẹ́jú àáyá tàbí kó yára jù bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá ń wá ahọ́n. Awọ rẹ̀ ń dán; fílítà polarizer á mú dídán náà wálẹ̀, àwọ̀ á sì jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, sùúrù ni.

Fún ẹ̀yin tí ẹ wà nílé

Bí Nàìjíríà lẹ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ gbé ejò lọ́wọ́ àwọn tó ń fi í pidán lójú pópó. Àwọn kan máa ń fa eyín rẹ̀ yọ tàbí kí wọ́n rán ẹnu rẹ̀, ebi àti egbò ló sì ń pa irú ejò bẹ́ẹ̀. Eyín tí wọ́n fà yọ lè tún hù, oró rẹ̀ ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, nítorí náà ẹni tó ní “kò lè ṣe nǹkan kan” ń fi ẹ̀mí òṣèré yín ta tẹ́tẹ́. Ẹ má sì gbé ejò inú igbó wá. Ẹ lo ejò rọ́bà, tàbí kí ẹ ya ti ọgbà ẹranko níbi tó wà, pẹ̀lú àṣẹ àti olùtọ́jú wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Lẹ́yìn iṣẹ́

Ejò ló máa kọ́kọ́ lọ, kí ẹ tó tú iná palẹ̀. Ẹ san owó olùtọ́jú lọ́jọ́ náà, ẹ fi fọ́tò díẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Ejò tí ìdààmú bá lè kọ oúnjẹ fún ọjọ́ pípẹ́, nítorí náà, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́: “Ṣé ó ti jẹun?” Lẹ́yìn iṣẹ́ oṣù Kejì yẹn, ọjọ́ kọkàndínlógún ni èsì tó wá pé ó jẹ ẹ́.